Ẹ Ka Ènìyàn Kí Ẹ Tó Ná Àgbò: Ìtọ́sọ́nà fún Iléyá ní Ìlọrin

Wọ́n máa ń ki Ìlọrin ní ìlú tó jìnnà síná, tó sún mọ́ àlùjánnà bí aládùúgbò. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ oríkì yìí, ó sì pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀ tó wọ̀ mí lára.

Lọ́dún kan, àgbò méjì ni a dúńbú nílé wa ní Pákátà. Ẹran kún fìríìsà dẹ́nu. Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ ọdún, kò dé lọ́jọ́ kejì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, òórùn ti gba gbogbo ilé. Bàbá mi ní ká lọ ri ẹran náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé la wà, à ń gbẹ́ ilẹ̀, nígbà tí obìnrin tí ògiri kan ṣoṣo là sáàárín àwa àti òun yọjú, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Opó ni, ọmọ mẹ́rin ló sì ń dá tọ́. Kò sẹ́ni tó gbé ẹran dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ìyá mi rò pé ilé kejì ti gbé e fún un, ilé kejì rò pé ìyá mi ti gbé e. Ó wo garawa tó wà lọ́wọ́ wa, ó wo ilẹ̀, ó sì wọlé lọ.

A kì í ṣe ahun. Ìyá mi a máa bu oúnjẹ fún èèyàn títí ìkòkò yóò fi gbẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a kò ro ti ẹnikẹ́ni kí ẹran tó wà nílẹ̀. Nígbà tí ẹran sì ti wà nílẹ̀, àlejò, èéfín àti ariwo kò jẹ́ ká ráyè rò mọ́. Láti ọdún yẹn la ti yí ètò padà: ènìyàn la kọ́kọ́ máa ń kà kí a tó lọ ná àgbò. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo kọ síbí, fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e wọ ilé tirẹ̀.

Ìwé àti bírò ló kọ́kọ́

Ẹ jẹ́ kí òṣùpá Zul-Hijja bá ìwé yín nílẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù náà ni Iléyá, ẹni tó bá dúró dìgbà tí wọ́n bá kéde oṣù kò ní ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ, owó àgbò á sì ti gòkè. Lọ́dọọdún ni ọjọ́ náà ń fi bí ọjọ́ 10 tàbí 11 sún síwájú lórí kàlẹ́ńdà: ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni Iléyá 2024, ti 2025 bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Àárín òjò ló ń bọ́ sí báyìí, màá padà sórí òjò náà tí a bá dé ibi ìdọ̀tí.

Ẹ fa ìlà kan gba àárín ìwé. Apá òsì ni ti ẹbí, ọ̀rẹ́, àna àti ọ̀gá ibi iṣẹ́. Apá ọ̀tún ni ti àwọn tí kò ní lè san án padà fún yín, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ tán. Hádíìsì kan wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà wá láti ìgbà ayé Ànábì, tí Abu Hurayra gbà wá, tó wà nínú ìwé Bukhari àti ìwé Muslim, pé oúnjẹ tó burú jù ni oúnjẹ wàlímà, ìyẹn àsè ìgbéyàwó, tí wọ́n pe olówó sí, tí wọ́n sì yọ aláìní sílẹ̀. Àwọn ẹbí wa tó jẹ́ Kristẹni náà mọ ohun tí Jésù sọ nínú Lúùkù orí 14, pé ẹni tó bá se àsè, kí ó pe òtòṣì, arọ àti afọ́jú, nítorí pé wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi san án. Ní Ọ̀fà àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, inú agbo ilé kan náà ni ẹni tó ń lọ Yídì àti ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ti ń jáde; ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí bára wọn mu ní etí wọn.

Ta ni kí ẹ wá kọ sápá ọ̀tún? Opó àti ọmọ aláìníbaba, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ẹ kọ bàbá arúgbó tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó tàbí lókè òkun, tí owó ń dé sọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tí yóò bá a se é. Ẹ kọ ọ̀dọ́mọdé tó ń gbé ilé kéwú, tí ilé àwọn òbí rẹ̀ jìnnà. Ẹ kọ ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà yín lóru, obìnrin tó ń gbálẹ̀ títì, ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rówó ọkọ̀ padà sílé, àti ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn ní ọsibítù, tí ọdún yóò bá lórí àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹnì kan wà tí ojú máa ń fò jù, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ wá a. Ìyẹn ni ẹni tó ń pa àgbò tẹ́lẹ̀ tí kò lè pa á lọ́dún yìí. Ó ní géètì, ó ní orúkọ ládùúgbò, bóyá òun gan-an ló gbé ẹran fún yín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ọjà rẹ̀ jóná, tàbí àìsàn gba owó ọwọ́ rẹ̀. Kò ní sọ. Ilé rẹ̀ kò ní yàtọ̀ lójú yín, àfi tí ẹ bá tẹ́tí sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, gbogbo àdúgbò Ìlọrin ló ń gbọ́ ohùn àgbò láàárọ̀. Ẹ rìn gba ọ̀nà yín kọjá lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ilé tí ohùn àgbò máa ń ti jáde tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́ lọ́dún yìí, ẹ kọ ọ́.

Nígbà tí apá ọ̀tún bá ti kún, ẹ mú un lọ bá ilé méjì tàbí mẹ́ta tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ jọ wò ó. Ibí yìí ni a ti kùnà nígbà náà. Ẹnì kan lè gba abọ́ mẹ́fà kí ẹlòmíràn má rí ẹyọ kan, nítorí pé ojú gbogbo èèyàn mọ ẹni àkọ́kọ́. Ẹ pín orúkọ láàárín ara yín, kí ilé kọ̀ọ̀kan mọ ti tirẹ̀. Ẹnu ni kí ẹ fi sọ ọ́. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp àdúgbò; orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́ bò láṣìírí ni.

Owó tó wà lọ́wọ́

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e ni Iléyá ń bá wí. Kí ènìyàn lọ yá owó èlé nítorí àgbò, tàbí kó fi owó ilé ìwé ọmọ ra á kí ará ilé ẹ̀gbẹ́ má baà wò ó tìkà-tẹ̀gbin, kì í ṣe ọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run. Ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tí ọkàn wọn bá dàrú nítorí èyí. Nígbà tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ń dúńbú àgbò rẹ̀, ó sọ pé èyí wà fún òun àti fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ òun tí kò rí ẹran pa. Abu Dawud àti Tirmidhi ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá nínú ìwé hádíìsì wọn. Ó ti dárúkọ yín sí i láti bí egbèje ọdún, ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kò tó o lọ́dún yìí. Ẹ lọ kírun Yídì yín pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Àgbò kékeré tí kò ní àbùkù tó. Ẹni méje tún lè dà á jọ ra màlúù kan, nítorí pé hádíìsì Jabir, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, sọ bí wọ́n ṣe ṣe é ní Hudaybiyya lẹ́bàá Mẹ́kà. Ọ̀nà Imam Malik, àgbà onímọ̀ òfin Ìsìláàmù, ni ọ̀pọ̀ àwọn Àáfà wa ní Ìlọrin ń tọ̀, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tiwọn lórí dídá owó ẹran jọ, nítorí náà ẹ bi Àáfà yín kí ẹ tó dáwó. Ọ̀rọ̀ aṣọ kò gùn: èyí tó wà nílé, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n lọ̀, aṣọ ọdún ni. Tí ẹ bá yọ aṣọ tuntun kan kúrò, owó rẹ̀ lè di òróró àti ata fún ilé mẹ́ta, ẹ ó rí ìwúlò òróró yẹn láìpẹ́.

Yíyan àgbò àti títọ́jú rẹ̀

Àbùkù mẹ́rin ni hádíìsì dárúkọ tí kì í jẹ́ kí ẹran tó fún Iléyá: èyí tí ojú rẹ̀ kan fọ́ gbangba, èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn, èyí tó ń tiro, àti èyí tó rù débi pé kò ní mùdùnmúdùn nínú egungun. Yálà ní Ìpàtá lẹ ti ń rà á ni o, tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń so wọ́n mọ́ etí títì, ẹ ní kí wọ́n tú u kó rìn. Ẹ má wò ó ní ìdùbúlẹ̀. Ẹ wo ihò imú bóyá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń dà níbẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ ya ẹnu rẹ̀: tí eyín ńlá méjì bá ti hù níwájú ní ìsàlẹ̀, tó yàtọ̀ sí àwọn wẹ́wẹ́ tó kù, ó ti lé ní ọdún kan, ọkàn yín sì balẹ̀.

Àánú bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹ má di ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, ẹ má sì tì í mọ́ búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn. Nílé, ẹ so ó sábẹ́ òjìji, kí omi wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ewé ẹ̀pà, koríko àti èèpo iṣu dára fún un. Ẹ ṣọ́ra fún èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún un. Ẹ má sì ṣàdédé da àgbàdo tàbí ìrẹsì rẹpẹtẹ síwájú ẹran tí koríko ló ń jẹ bọ̀, ikùn rẹ̀ lè wú, kó sì kú kí ọdún tó pé. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn kí wọ́n mú àgbò lọ kàn pẹ̀lú ti ilé kejì. Ẹ kọ̀ fún wọn. Ìwo lè kán, ojú lè fọ́, ẹran tí a fẹ́ fi sin Ọlọ́run kì í ṣe ohun ìṣeré.

Ẹni tó fẹ́ pa ẹran, tí òṣùpá bá ti lé, kó má gé irun, kó má gé èékánná mọ́ títí yóò fi dúńbú. Hádíìsì Umm Salama, ìyàwó Ànábì, ni. Tí ara yín bá sì gbà á, ẹ gba ààwẹ̀ Árafà ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ebi ọjọ́ yẹn a máa rán èèyàn létí àwọn tó wà lápá ọ̀tún ìwé.

Àárọ̀ ọjọ́ ọdún

Ẹ wẹ̀, ẹ má tíì jẹun, ẹ máa ké Allahu Akbar lọ sí Yídì, ẹ gba ọ̀nà kan lọ, kí ẹ gba òmíràn bọ̀. Ẹni tó bá wa mọ́tò, kó má gbé e dí ẹnu ọ̀nà onílé. Ẹ má dúńbú kí wọ́n tó kírun, ẹran jíjẹ lásán nìyẹn. Ní ọ̀dọ̀ wa, a tún máa ń dúró kí Ìmáàmù dúńbú tirẹ̀ ná.

Ẹ pọ́n ọ̀bẹ láti alẹ́, níbi tí àgbò kò ti lè rí i. Ànábì pa á láṣẹ pé kí a pọ́n ọ̀bẹ wa, kí a sì jẹ́ kí ara tu ẹran tí a fẹ́ pa. Ẹ má pa ọ̀kan lójú èkejì. Ẹ rọra tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí Kábà, ẹ ní Bismillahi Allahu Akbar, kí ọ̀bẹ gé ọ̀nà èémí, ọ̀nà oúnjẹ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti rí alápatà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó awọ nígbà tí ẹran ṣì ń ta ẹsẹ̀ nítorí pé ilé mẹ́wàá ń dúró dè é. Ẹ ní kó dúró. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni.

Ẹ ti bá alápatà sọ iye owó rẹ̀ ṣáájú. Ẹ má fi awọ tàbí orí ẹran san owó iṣẹ́ rẹ̀, Ànábì kọ̀ fún Ali, ọkọ ọmọ rẹ̀, láti ṣe bẹ́ẹ̀, Ali sì ní, "Láti ọwọ́ ara wa la ti ń fún un." Nígbà tí ẹ bá sanwó tán, ẹ tún fún un ní ẹran. Láti ìyáàlẹ̀ta ló ti ń pa ẹran ẹlẹ́ran kiri, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní àgbò nílé tiwọn.

Ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ àti ohun tó wà nínú ìfun, kòtò ni kí wọ́n lọ. Ẹ gbẹ́ ẹ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, kó jinlẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ méjì, kó jìnnà sí kànga, kí ẹ sì bò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Òjò tí mo sọ níṣàájú nìyí: ohun tí ẹ bá dà sí gọ́tà, àgbàrá yóò gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn, yóò dí ojú omi, èyí tó bá kù yóò ṣàn lọ sínú odò Asa. Ẹ wo ẹ̀dọ̀ àti fùkù dáadáa. Tí aràn tàbí kókó bá wà níbẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ má jù ú fún ajá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi táyà wi orí àti ẹsẹ̀ ẹran. Èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, dúdú rẹ̀ ń wọ inú ẹran tí ẹ fẹ́ fún ọmọ jẹ. Igi lásán ń wi í, omi gbígbóná náà ń bó o.

Pípín in

Ẹ gbé òṣùwọ̀n wá. Àgbò tó wọn 40 kg láàyè, nǹkan bí 18 kg ni ẹran àti egungun tó máa kù lẹ́yìn tí awọ, orí, ẹsẹ̀ àti ìfun bá kúrò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fẹ́ràn kí a pín in sí mẹ́ta: ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, ìdá kan fún aláìní. Imam Malik kò fi ìwọ̀n kan lélẹ̀. Tí ẹ bá mú ti ìdá mẹ́ta, 6 kg ni ti aláìní, ìyẹn abọ́ méjìlá tó jẹ́ ààbọ̀ kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo ìwé yín. Tí orúkọ apá ọ̀tún bá jẹ́ ogún, ẹ ti mọ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ẹran pé ìdá kan kò ní tó, ẹ ó yọ kún un láti inú ti ilé. Ìdí tí a fi ń ka ènìyàn ṣáájú nìyẹn.

Ṣé ó yẹ ká tọ́jú ẹran pamọ́? Lọ́dún kan ní Mẹ̀dínà, Ànábì ní kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú ẹran Iléyá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Nígbà tí ọdún kejì dé, wọ́n bi í bóyá kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ, kí wọ́n fún èèyàn jẹ, kí wọ́n sì tọ́jú. Ìnira ló bá àwọn èèyàn lọ́dún tó kọjá, òun sì fẹ́ kí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́. Emi a máa ro ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Òfin náà wo ojú ebi ìlú kí ó tó sọ iye ọjọ́. Ní ọdún tí garawa gààrí kò bá ṣeé sún mọ́, ẹ jẹ́ kí ti fìríìsà kéré.

Kí abọ́ apá ọ̀tún má jẹ́ egungun àti ọ̀rá nìkan. Ẹ mú nínú itan, ẹ mú nínú apá, kí ẹ̀dọ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, gẹ́gẹ́ bí Súrà Hájì ẹsẹ 37 ṣe sọ, kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lọ́kàn yín ni. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run náà sì máa ń hàn nínú irú èyí tí ẹ yàn fún ẹni tí kò lè bi yín.

Gbígbé e lọ

Ibí yìí ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù. Lọ́dún tó tẹ̀lé ti garawa yẹn, èmi fúnra mi ni mo gbé ẹran tútù lọ fún ìyá àgbàlagbà kan. Ó ṣàdúrà fún mi títí. Nígbà tí mo padà lọ kí i lọ́jọ́ kejì, ẹran náà ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù lórí tábìlì, ó ti ń yí àwọ̀. Ìyá kò ní èédú, kò ní òróró, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè lọ ata. Ẹrù ni mo gbé fún un.

Nítorí náà, ẹ pín orúkọ sí ọ̀nà méjì. Ẹni tó ní iná àti agbára, ẹ fún un ní tútù, kí ẹ fi ìgò òróró kékeré àti ata gbígbẹ tì í. Ẹni tí kò ní, ẹ sè é fún un. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti lọ, ẹ sè é kó rọ̀, kí ẹ yọ egungun rẹ̀. Ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ iyọ̀ tàbí ọ̀rá fún, ẹ ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ ilé kéwú, ẹ fi màsà tàbí ìrẹsì sí i, nítorí ẹran nìkan kò ní yó o. Tí ẹ bá ń lọ sí ọsibítù, ẹ bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó bu oúnjẹ fún aláìsàn. Ti ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò nílò ìbéèrè.

Ẹ tètè lọ. Nínú ooru wa, ẹran tútù kò yẹ kó ju wákàtí méjì lọ nílẹ̀ kó tó kan iná, òtútù tàbí iyọ̀. Ẹ bo abọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbé e, kí ẹ ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ: kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó ní, "Ẹ kú ọdún, màmá. Wọ́n ní ká gbé tiyín wá." Ọ̀rọ̀ náà "tiyín" ṣe pàtàkì sí mi. Súrà Hájì kan náà, ẹsẹ 36, ní kí a fún ẹni tó ń tọrọ àti ẹni tó pa ojú mọ́ tí kò tọrọ. Ìpín wọn ni. A kàn bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Fún ẹni tó ń pa àgbò tẹ́lẹ̀ yẹn, ẹ lọ fúnra yín, ẹ jókòó, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ fi abọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń fi í sílẹ̀. Ẹ má bi í léèrè àgbò.

Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò. Súrà Bàkárà ẹsẹ 264 kìlọ̀ kí a má fi ìrègún àti ìpalára ba sàráà wa jẹ́. Fọ́tò tí gbogbo ayé rí lórí fóònù, ìrègún tí kò ní parí ni.

Àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí

Ẹran tó bá kọjá ìdá aláìní, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò yín tó jẹ́ Kristẹni pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé ìrẹsì Kérésìmesì wá fún yín. Àwọn mìíràn wà tí ìgbàgbọ́ wọn kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹran Iléyá. Ẹ má bínú, ẹ má sì gbé e fún wọn ní ìdákọ́ńkọ́. Ẹ ti béèrè ṣáájú, kí ẹ ra wàrà, tàbí kí ẹ se ìrẹsì tí kò kan ìkòkò ẹran náà, kí ẹ gbé e lọ pẹ̀lú ẹ̀rín kan náà.

Àwọn tó ń dáná

Ọdún kì í ṣe ọdún fún obìnrin tó ti jí láago mẹ́rin, tí kò sì jókòó títí di alẹ́. Mo sọ èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Ọkùnrin ilé lè gé ẹran, ó lè pọn omi, ó lè fọ ìkòkò. Kí oúnjẹ ìyàwó ilé àti ti ọmọ ọ̀dọ̀ wà ní bíbù lọ́tọ̀ kí àlejò tó dé, kó má jẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò ni wọn yóò máa ha. Ẹ dín irú ọbẹ̀ kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kírun Yídì bí àwọn yòókù.

Bàńgà? Ẹ má rà á fún ọmọ. Aláìsàn àti ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn ògiri, ọwọ́ àti ojú ọmọ sì wà nínú ewu. Ẹ tún bá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi ọ̀kadà sáré ọdún wí kí wọ́n tó gun un.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta

Èyí tó kù nílé, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ yan án gbẹ lórí iná jẹ́jẹ́ tàbí kí ẹ dín in. Fìríìsà tí iná rẹ̀ kò dúró, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ fi eérú sójú kòtò tí òjò bá ti gbẹ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ tún ilẹ̀ dà sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé yẹn jáde kí ẹ tó gbàgbé. Ẹ fàmì sí orúkọ àwọn tí abọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ yí i padà, kí ẹ kọ àwọn tí ẹ kò rántí sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ojú ẹnì kan yóò máa wá sí yín lọ́kàn ní ọjọ́ kẹrin, ìkarùn-ún. Inú àpótí aṣọ ọdún ni èmi ń fi tèmi sí, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ mi ni yóò kọ́kọ́ kàn án tí mo bá ń wá ìró lọ́dún tó ń bọ̀. Mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ìwé tó wà níbẹ̀ báyìí: ọmọkùnrin tó bá wa gbẹ́ kòtò, ìyá tó ń ta èédú fún wa, àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rin opó yẹn, tó ti lọ́kọ báyìí, tó ń gbé lójúlé kejì sí wa, tí n kò tíì gbọ́ ohùn àgbò nílé rẹ̀ rí.